Kíkọ àdírẹ́sì ìkànnì sórí pátákó àti ìwé ìléwọ́ fún àwọn àlejò

Àṣìṣe tó bá wà lórí ìkànnì, ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń tún un ṣe. Èyí tó bá ti wà lórí pátákó tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rì mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ Òkè Olúmọ, tàbí nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìwé ìléwọ́ tó ti kúrò nílé ìtẹ̀wé, owó mìíràn ni yóò gbà. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹni tó máa ya pátákó, ẹ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, kì í ṣe níbi íǹkì àti bébà.

Ẹni tó ń bójú tó ibùdó ìrìn-àjò afẹ́, mùsíọ́mù, ààfin tàbí ojúbọ tí àlejò ń wá ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti atẹ̀wé tí wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wa, example.org la ó máa lò, torí wọ́n ti ya orúkọ yẹn sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ. Tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Àdírẹ́sì tí yóò pẹ́ ju pátákó lọ

Pátákó tó dára lè lo ọdún mẹ́wàá níta. Ṣé domain yín, ìyẹn orúkọ ìkànnì yín bíi example.org, yóò lo ọdún mẹ́wàá? Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ tó bá yín ṣe ìkànnì ló fi orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba domain. Nígbà tó bá kúrò, ìránṣẹ́ pé kí ẹ san owó ọdún yóò máa lọ sínú àpótí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Ọjọ́ a pé, domain a bọ́, ẹlòmíràn a rà á. Láti ọjọ́ náà, gbogbo pátákó yín yóò máa tọ́ àlejò sí ìkànnì tẹ́tẹ́ tàbí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ ibùdó yín ló sì wà lókè rẹ̀.

Orúkọ iléeṣẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ ni kí domain wà, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ímeèlì tí ó kéré tán ẹni méjì ń kà ni kí ẹ lò fún un. NiRA, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ìkànnì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló ń ṣàkóso àwọn orúkọ tó parí sí .ng, ọwọ́ àwọn aṣojú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni ẹ ti máa ra .ng, .com.ng tàbí .org.ng. Bí ẹ bá yan .com tàbí .org, ẹ lè san tó ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ máa san fún pátákó kan ju owó ọdún mélòó kan lórí domain lọ dáadáa, nítorí náà ẹ má ṣe ṣahun níbẹ̀.

Ẹ má ṣe tẹ líǹkì kúkúrú ti ẹlòmíràn sórí ohunkóhun tó máa pẹ́. Google fúnra rẹ̀ ni ó ni goo.gl tí wọ́n fi ń gé líǹkì kúrú, síbẹ̀, láti 2019, ẹnikẹ́ni kò lè ṣe líǹkì tuntun lórí rẹ̀ mọ́. Ní 2024, wọ́n kéde pé àwọn tó wà nílẹ̀ náà yóò kú ní oṣù Kẹjọ 2025. Nígbà tí ọjọ́ ku díẹ̀, wọ́n ní èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń lò yóò máa ṣiṣẹ́ lọ, àwọn tó ti dákẹ́ ni yóò kú. Líǹkì orí pátákó inú igbó tí àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, irú rẹ̀ gan-an ló máa ń dákẹ́. Àwọn líǹkì kúkúrú tí domain wọn parí sí .ly, lábẹ́ àṣẹ Líbíyà ni wọ́n wà. Ní 2010, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ gba vb.ly lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, gbogbo líǹkì orí rẹ̀ sì kú.

Ohun tó dára ni kí ẹ ṣe àdírẹ́sì kúkúrú lórí domain tiyín, bíi example.org/olumo, kí ó máa darí àlejò sí ojú-ewé gidi, bó ti wù kí àdírẹ́sì ojú-ewé náà gùn tó. Bí ẹ bá tún ìkànnì kọ́ lọ́dún mẹ́ta sí i, ibi tí ó ń darí sí nìkan lẹ ó yí padà. A kò ní fọwọ́ kan pátákó. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì yín, pé ìdarí 302, èyí tó ń sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni, ni kó lò, kì í ṣe 301. 301 ń sọ fún fóònù pé ojú-ewé náà ti kó lọ pátápátá, fóònù a sì máa rántí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá yí ibi tó ń lọ padà, fóònù ẹni tó ti ṣí i tẹ́lẹ̀ lè máa lọ síbi àtijọ́ láì tilẹ̀ bi server yín.

Lẹ́tà tí àlejò lè tẹ̀

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ inú àdírẹ́sì. Kì í ṣe pé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè gbé e. Bí ẹ bá kọ example.org/ọ̀ṣun, ohun tí server yóò rí ni %E1%BB%8D%CC%80%E1%B9%A3un. Lẹ́tà mẹ́rin ti di àmì 26. Ohun tó tún le jù ni pé ọ̀nà tí a ń gbà tẹ ọ̀ lórí kííbọ́ọ̀dù ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan ń fi ọ sílẹ̀ kó tó gbé àmì ohùn lé e, òmíràn ń fi ò sílẹ̀ kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú server, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ká má tíì sọ pé àlejò tó ti Bàhíà tàbí Havana wá fún ọdún Ọ̀ṣun kò ní kííbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí fóònù rẹ̀. Example.org/osun ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí server gba èyí tó lámì náà, ní oríṣi méjèèjì, fún àwọn tó bá fi àmì tẹ̀ ẹ́.

Nínú àdírẹ́sì nìkan ni a ti ń yọ àmì o! Àkọlé pátákó gbọ́dọ̀ jẹ́ Ọ̀ṣun, Òkè Ìdànrè, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó ń dunni láti rí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ kò pé lórí pátákó ara rẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí ẹ yọ àmì rẹ̀ dáadáa, kó má di ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò yẹ lójú àlejò.

Lẹ́tà kékeré nìkan ni kó wà lẹ́yìn sláàṣì. Nínú orúkọ domain, lẹ́tà ńlá àti kékeré kò yàtọ̀, ẹ sì lè kọ ọ́ bíi OkeOlumo kí ojú lè tètè pín in. Lẹ́yìn sláàṣì, ọ̀pọ̀ server ka /Olumo àti /olumo sí ohun méjì. Fóònù a sì máa sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú WhatsApp láti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kí server gba méjèèjì.

Dáàṣì ń fa ìdádúró: lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àlejò gbọ́dọ̀ kúrò lójú lẹ́tà lọ sójú nọ́ńbà kó tó rí i. Bí ẹ bá lè yẹra fún un, ẹ yẹra. Àmì ìlà abẹ́ tí wọ́n fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ burú jù ú lọ, torí bí ayàwòrán bá fa ìlà sábẹ́ àdírẹ́sì, kò ní hàn mọ́. Kí á má fa ìlà sábẹ́ àdírẹ́sì rárá lórí bébà. Kò sẹ́ni tó máa tẹ bébà bíi líǹkì. Ẹ sá fún l kékeré, I ńlá àti nọ́ńbà 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni O àti 0. Bí ẹ kò bá rí i yẹra fún, ẹ lo fọ́ǹtì tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Verdana ń ṣe é dáadáa, Arial kò ṣe é.

A kì í tẹ https:// sínú ọ̀rọ̀ orí pátákó. Fóònù mọ ohun tó máa ṣe. www. wúlò nígbà tí ìparí àdírẹ́sì bá ṣàjèjì sí àlejò, torí ó ń jẹ́ kí ó tètè mọ̀ pé ìkànnì ni. Yálà ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹ dán an wò pẹ̀lú https, torí ìwé ẹ̀rí ààbò máa ń wà lórí ọ̀kan kó má sí lórí èkejì, ìkìlọ̀ pupa ni àlejò yóò sì rí.

Ẹ fún àdírẹ́sì ní ìlà tirẹ̀. Bó bá wà nínú gbólóhùn, àmì ìdánudúró tó wà ní ìparí a dà bí ara rẹ̀, àwọn kan a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bó bá gùn jù fún ìlà kan, níbi sláàṣì tàbí dọ́ọ̀tì ni kí ẹ gé e, kí àmì náà bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Ẹ pa iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà fi ń gé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ níbi ìparí ìlà, torí yóò fi dáàṣì tí kì í ṣe ara àdírẹ́sì kún un. Àmọ́ àdírẹ́sì tó gùn tó ìlà méjì kò yẹ lórí pátákó rárá.

Ìwọ̀n lẹ́tà: lórí ìwé ìléwọ́, póìǹtì 10 ni ó kéré jù, 12 ló dára fún àgbàlagbà. Fún pátákó, ìwọ̀n tí àwọn tó ń ya pátákó ń lò ni gíga lẹ́tà 25 mm fún mítà mẹ́ta tí òǹkàwé fi jìnnà. Fọ́ǹtì póìǹtì 100 ló ń fún lẹ́tà ńlá ní nǹkan bíi 25 mm.

Kóòdù QR

Iléeṣẹ́ Denso Wave ní Japan ló ṣe QR ní 1994 fún àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ nínú iléeṣẹ́, níbi tí epo àti ìdọ̀tí ti lè bo apá kan rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní ìpele mẹ́rin tó ń ṣàtúnṣe ohun tó bá bàjẹ́: L ń gba nǹkan bíi 7% là, M 15%, Q 25%, H 30%. Fún ìwé ìléwọ́, M ti tó. Fún pátákó tí òjò àti ẹrẹ̀ máa tà sí, ẹ lo Q.

Bí àdírẹ́sì bá ṣe gùn tó ni àpótí kéékèèké inú kóòdù ṣe ń pọ̀ tó. https://example.org/osun jẹ́ àmì 24. Ní ìpele M, ó wọ inú kóòdù àpótí 25 sí 25. Líǹkì gígùn tó ní àmì 120, pẹ̀lú gbogbo ìrù tí wọ́n fi ń ka iye àlejò, yóò gba 45 sí 45. Bí ẹ bá tẹ méjèèjì ní 25 mm, àpótí kan nínú ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1 mm gẹ́lẹ́, ti èkejì kò ju 0.56 mm lọ. Íǹkì díẹ̀ tó bá tàn lórí bébà ti pa èkejì. Àdírẹ́sì kúkúrú náà ni kó wà nínú QR. Ibi ìdarí lórí server ni kí ìrù gígùn wọ̀nyẹn wà.

Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kò mọ̀. QR ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tí kì í gba àyè tó ti tẹ́lẹ̀, tó gba kìkì lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àwọn àmì díẹ̀ bíi dọ́ọ̀tì, sláàṣì àti kólọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá kọ HTTPS://EXAMPLE.ORG/OSUN sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe kóòdù, kóòdù 25 sí 25 yẹn kan náà yóò gba ìpele Q dípò M. Kí server ti gba /OSUN ni kí ẹ rí dájú.

Ìwọ̀n rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀nà tó wà láàárín àlejò àti kóòdù. Ìwé tí a mú lọ́wọ́ ní 25 cm sójú, 25 mm. Pátákó tí a ń kà láti mítà kan àti ààbọ̀, 15 cm. Bí ọgbà onírin bá wà láàárín, láti ẹ̀yìn ọgbà ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Àyè funfun tó yí i ká gbọ́dọ̀ tó àpótí mẹ́rin ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Fún kóòdù wa ti 25 mm, 4 mm nìyẹn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 33 mm. Àyè yìí ni ayàwòrán máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ lórí ìwé. Dúdú lórí funfun ni kó jẹ́. Búlúù tàbí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn náà lè ṣe é. Àwọ̀ góòlù tí ààfin fẹ́ràn kò ṣe é kà lórí funfun, kóòdù funfun lórí dúdú sì ń yọ àwọn fóònù kan lẹ́nu. Lógò àárín kóòdù, inú àtúnṣe tí ẹ tọ́jú de òjò ló ti ń jẹun. Ẹ yọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìkànnì tó ń ṣe QR lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi àdírẹ́sì yín sínú kóòdù. Tiwọn ni wọ́n ń fi síbẹ̀, tí wọn yóò sì máa darí àlejò. Bí ọjọ́ ìdánwò bá pé, kóòdù a kú tàbí kí wọ́n béèrè owó lóṣooṣù. Kí ẹ tó gbé e lọ fún atẹ̀wé, ẹ fi fóònù yẹ kóòdù náà wò, kí ẹ sì ka ohun tó hàn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí kì í bá ṣe domain yín lẹ rí, ẹ sọ ọ́ nù.

Àdírẹ́sì tí ojú lè kà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ QR nígbà gbogbo. Ó wà fún ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè ka kóòdù, fún ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnìkejì, àti fún ààbò, torí àwọn oníjìbìtì máa ń lẹ kóòdù tiwọn mọ́ ti olóòótọ́. Àlejò tó rí orúkọ yín lábẹ́ kóòdù lè fi í wé ohun tí fóònù rẹ̀ gbé jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀. “Scan me” kò sọ nǹkan kan. “Ẹ gbọ́ ìtàn ojúbọ yìí ní Yorùbá, ìṣẹ́jú méjì, kò tó 1 MB” ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ dátà rẹ̀ mọ̀ bóyá kó ṣí i. Ohùn ìṣẹ́jú méjì ní 48 kbps jẹ́ bíi 720 KB. Fún èdè mẹ́rin, ẹ má tẹ kóòdù mẹ́rin; ọ̀kan ni, kí àlejò yan èdè lójú-ewé.

Lọ́dọ̀ atẹ̀wé

PDF tàbí SVG ni kí ẹ fi QR ránṣẹ́, kì í ṣe JPEG. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ lò, bíi document ni kí ẹ fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp yóò fún un pọ̀, etí àpótí kọ̀ọ̀kan a sì di eérú; nígbà tí wọ́n bá wá fà á tóbi di 15 cm lórí flex, gbogbo rẹ̀ á fọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lórí CorelDRAW pé kó má fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti pé kó má fọwọ́ tún àdírẹ́sì tẹ̀. Kí ó kọ́pì rẹ̀ láti inú fáìlì yín.

Fún ìwé ìléwọ́ tí a ń ká, ẹ gbé QR jìnnà sí ojú ìká, ó kéré tán 1 cm. Fún pátákó, lamination tí kì í dán ló yẹ, torí oòrùn ọ̀sán lórí èyí tó ń dán ń fọ́ kámẹ́rà lójú. Flex tí a ta sórí férémù máa ń sọ̀ ní àárín lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kóòdù a sì wọ́. Ohun tó máa pẹ́, kí wọ́n lẹ sítíkà SAV (fínílì tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn) tó dára mọ́ pátákó líle. Ẹ má lẹ QR mọ́ òpó róbótó tó tín-ín-rín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a yí kúrò lójú kámẹ́rà.

Ẹ̀dà kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ní ìwọ̀n gidi, lórí bébà tàbí sítíkà gidi. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí yóò dúró sí, ní aago méjìlá ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi Android àtijọ́ tí kò wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi iPhone yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ka àdírẹ́sì náà sórí fóònù fún ẹni tí kò tíì rí i rí, kí ó tẹ̀ ẹ́. Bó bá bi yín ní “ṣé lẹ́tà ńlá ni?” tàbí “ṣé dáàṣì wà níbẹ̀?”, àdírẹ́sì náà kò tíì parí.

Ibi tó máa dúró

Kí àárín QR wà láàárín mítà 1.2 sí 1.5 sókè ilẹ̀, kí ọmọdé àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè dé e, kí ẹnikẹ́ni má sì na ọwọ́ sókè jù.

Ẹ fi SIM MTN, Airtel àti Glo wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí pátákó máa dúró gan-an, kì í ṣe ní ọ́fíìsì. Bí ojú-ewé kò bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ gbé QR lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ní Òkè Ìdànrè tó ní àtẹ̀gùn 660, ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ni àlejò ti máa ń dúró, tó ṣì ń mí dáadáa, tó sì lè gbé ìtàn náà sórí fóònù kó tó gòkè. Ohun tí àlejò kò gbọ́dọ̀ ṣàìmọ̀, àkókò ìṣí àti ìtì, iye owó, ibi tó léwu, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́, ojú pátákó ni kó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn líǹkì.

Lójú títì márosẹ̀, ẹ má fi QR síbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 km ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ máa wá kámẹ́rà. Orúkọ ibùdó, ọfà àti iye kìlómítà tó kù ló nílò.

Fún pátákó kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe àdírẹ́sì tirẹ̀: example.org/osun1, osun2, bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn lè máa lọ sí ojú-ewé kan náà. Server yóò sọ pátákó tí àwọn èèyàn ń lò àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan: àdírẹ́sì, ibi tó wà, ọjọ́ tí wọ́n gbé e ró, ibi tó ń darí sí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí òṣìṣẹ́ kan yí gbogbo pátákó ká pẹ̀lú fóònù, kí ó yẹ kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì fi èékánná wo etí QR bóyá wọ́n ti lẹ sítíkà mìíràn lé e.

Bí ẹ bá yọ pátákó kan kúrò, ẹ má pa àdírẹ́sì rẹ̀. Ìwé ìléwọ́ tó bá a rìn ti wà nínú àpò àlejò tó ti padà sí London tàbí Salvador, fọ́tò pátákó náà sì wà lórí fóònù àìmọye èèyàn. Ẹ darí rẹ̀ sí ojú-ewé tó sún mọ́ ọn jù lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí domain bá ṣì wà lọ́wọ́ yín.